Ìlú Ìyá Mi, Ìlú Mi Ni

Ọmọ Ìgàndò ni ìyá mi, Àwórì pọ́ńbélé. Anambra ni bàbá mi ti wá. Ìkòtún ni wọ́n ti pàdé, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí mi sí. Yorùbá ni mo kọ́kọ́ sọ, òun náà ni mo fi ń ná ọjà. Láti Ẹgbẹ́dá dé Ìgàndò, irú wa ò níye.

Nígbà tí mo fẹ́ wọ yunifásítì, mo lọ gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ní ọ́fíìsì kan. Akọ̀wé wo orúkọ bàbá mi, ó ní, "Lọ gbà á ní ìlú yín." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ Ìgàndò ni ìyá mi." Ó rẹ́rìn-ín: "Ilé bàbá là ń kà, a kì í ka ti ìyá." Tí mo bá sì dé ìlú bàbá mi, "ọmọ Yorùbá" ni wọ́n ń pè mí.

Òfin ò sọ ohun tí akọ̀wé yẹn sọ. Abala 318 nínú Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ní ẹni tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí wọn, bá jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ kan, ti ìpínlẹ̀ náà ni. Kò sọ pé bàbá nìkan.

Ọ̀rọ̀ yìí ń bá àwọn ìyá fúnra wọn jà. Ní oṣù kọkànlá 2012, wọn ò kọ́kọ́ búra fún Adájọ́ Ifeoma Jombo-Ofo sí Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, torí pé ọmọ Anambra ni, Abia tí í ṣe ìlú ọkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi yàn án. Ariwo ta kí wọ́n tó búra fún un. Wọn ò jẹ́ kí obìnrin lo ilé ọkọ, wọn ò sì jẹ́ kí ọmọ lo ilé ìyá. Níbo gan-an wá ni ìlú obìnrin?

Àwọn kan á ní ẹnì kan á máa jẹ ní ìpínlẹ̀ méjì. Kó mú ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Èkó ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Àwọn Àgùdà ti Brazil dé ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún pẹ̀lú orúkọ bíi Pereira, da Silva àti da Rocha. Púpọ̀ nínú wọn ò lè júwe agbo ilé bàbá wọn mọ́ lẹ́yìn oko ẹrú. Ta ló ń lé wọn padà sí Brazil lónìí? Tí da Rocha bá jẹ́ ọmọ Èkó, kí ló dé tí ọmọ tí Àwórì bí ò lè jẹ́ ẹ?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má dá akọ̀wé nìkan lẹ́bi. Lẹ́yìn ìbò 2023, àwọn kan nínú wa ló ní kí irú èmi padà sí "ìlú yín". Fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ wa náà, ìlú bàbá nìkan ló ń béèrè. Ẹ jẹ́ ká fi ìlú ìyá kún un kí sáà yìí tó parí. Gbogbo wa là ń pe ìyá ní wúrà. Ẹ jẹ́ kí wúrà náà ná.