Itan Adingra Kì í Ṣe Ọmọ Ayò

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 2024, ní ìṣẹ́jú 90, Simon Adingra gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Màlì níbí ní Bouaké, ní pápá ìṣeré Stade de la Paix. Kó tó dìgbà náà, ọkàn wa ti pami. Wọ́n ti fi káàdì pupa lé Odilon Kossounou jáde kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, Màlì sì ti fi góòlù kan ṣíwájú. Góòlù Adingra ló gbé Côte d'Ivoire dé àfikún àsìkò, Oumar Diakité wá gbá èkejì wọlé nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n lọ gba pẹnáritì. Ìlú yìí kò sùn.

Àbúrò mi kan tí a jọ ń gbé ti fìgbà kan ní Adingra nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó kó jọ sórí fóònù rẹ̀, nínú Fantasy Premier League, torí pé Brighton ni ọmọ náà ń gbá bọ́ọ̀lù fún nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Mo bi í lóru ọjọ́ yẹn pé póìǹtì mélòó ni góòlù yìí mú wá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òdo ni, ẹ̀gbọ́n. Mo tiẹ̀ ti tà á láti oṣù tó kọjá. Ó ti farapa."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rún mi nínú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo wá bá eré jà. Èmi náà ní ẹgbẹ́ tèmi lórí fóònù, mo sì mọ adùn rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà kan, Daniel Okrent àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló gbé irú eré yìí kalẹ̀ ní 1980 nídìí baseball, kó tó di ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé wọ inú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ní sáà 2023/24, ó lé ní mílíọ̀nù 10 ènìyàn tó ń ṣe ti Premier League. Wọ́n á fún ọ ní mílíọ̀nù 100 owó pọ́n-ùn tí kò sí níbì kankan, o ó fi ra agbábọ́ọ̀lù 15. Ó ti kọ́ àbúrò mi ní orúkọ àwọn adènà tí èmi kò gbọ́ rí. Àwọn baba wa náà ta ayò lábẹ́ igi, wọ́n sì fi ẹnu gún ara wọn lára nídìí ọpọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ ayò kò ní itan tí iṣan rẹ̀ lè ya.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí eré yìí ń ṣe fún ẹni tó farapa. Wọ́n á fi àsíá kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀: àwọ̀ ìyeyè bó bá ṣì ṣeé ṣe kó gbá, pupa bí kò bá ní í gbá rárá. Àwa tí a ní i á sáré tà á, bí a bá sì ṣe ń tà á tó ni iye rẹ̀ ń já tó. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé àsíá pupa kan náà ni wọ́n ń fi sára ẹni tó lọ ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà. Kí iṣan ya, kí ọmọ sì lọ gbá bọ́ọ̀lù nílé baba rẹ̀, àìsàn kan náà ni lójú wọn. Nígbà tí èyí tó tẹ̀lé e fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Mòrókò ní oṣù Kejìlá 2025, wọ́n fún wa ní ààyè ìpààrọ̀ ọ̀fẹ́ 5 ká lè tètè kó àwọn tó ń lọ dànù. A dúpẹ́. Àwa ọmọ Áfíríkà dúpẹ́!

Mi ò dá àwọn tó ṣe eré náà lẹ́bi tó bí mo ṣe dá wa lẹ́bi. Ọjà tiwọn ni wọ́n ń tà. Àwa ló gba ojú wọn wọ̀.

Adingra àti Sébastien Haller ti fara pa kí ìdíje 2024 tó bẹ̀rẹ̀, èkíní ní iṣan ẹ̀yìn itan, èkejì ní ọrùn ẹsẹ̀. Síbẹ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá Jean-Louis Gasset kó wọn mọ́ra. Kò sí èyí tó gbá bọ́ọ̀lù nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ tí Equatorial Guinea fi góòlù mẹ́rin sí òdo na Côte d'Ivoire, èmi àti àwọn tí a jọ jókòó bú ọkùnrin náà dáadáa: ta ló ń gbé aláìsàn méjì lọ sógun? Gasset lọ, Emerse Faé gba ipò rẹ̀, àwọn aláìsàn méjèèjì sì ń gba ìtọ́jú wọn lọ.

Haller yìí náà ni wọ́n sọ fún ní oṣù Keje 2022, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tó dé Dortmund ní Jámánì, pé jẹjẹrẹ wà nínú kóró ẹpọ̀n rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó gba oògùn líle, kò sì padà sórí pápá títí di oṣù Kìíní 2023. Ta ló tún lè kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní bí a ṣe ń dúró de ara? Lọ́dún 2024, òun ló jẹ góòlù tó lé Kóńgò lọ ní ìpele kejì sí àṣekágbá. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì, òun náà ló ti ẹsẹ̀ bọ bọ́ọ̀lù tí Adingra gbé wá ní ìṣẹ́jú 81, tó fi gba ife mọ́ wa lọ́wọ́, àwa ọmọ Nàìjíríà. Ó dùn mí, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó nà wá: àwọn tí a ti tà.

Ẹ fi ti Mohamed Salah wé e. Iṣan ẹ̀yìn itan tiẹ̀ ya ní Abidjan ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní. Ó padà sí Liverpool fún ìtọ́jú, àwọn kan sì ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Aṣojú rẹ̀ ní ó máa tó ọjọ́ 21 sí 28. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì, ó wọlé bá Brentford, ó jẹ góòlù, inú àwa tí a tún rà á padà dùn dẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, kò lè gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Luton, kò sì sí níbi àṣekágbá Carabao Cup ní ọjọ́ 25. Egbò àdáàjinná nìyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ti fi iṣan itan ṣèṣe rí mọ̀ ọ́n.

Tí ẹ bá ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fa èyí, kí la fẹ́ sọ nípa Victor Osimhen? Nàìjíríà fẹ́ bá Gúúsù Áfíríkà gbá níbí ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì. Ìròyìn dé pé inú ń run ún, pé kò tíì bá àwọn yòókù wá láti Abidjan. Àwa Yorùbá tó wà ní Bouaké, tí ọ̀pọ̀ wa wá láti Èjìgbò, a kó ara wa jọ sídìí ọ̀rọ̀ náà. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ jáde ni pé ṣé ká yí tẹ́tẹ́ padà. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó ń ṣe ikùn ọmọ ọlọ́mọ. Ó wá, ó gbá, òun ni wọ́n tilẹ̀ ṣe lọ́ṣẹ́ tí a fi rí pẹnáritì. A jó.

Àwọn kan á ní owó ńlá ni wọ́n ń gbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fara dà á. Owó kì í so iṣan pọ̀. Àwọn tí kò gba kọ́bọ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó fi orúnkún gbúnlẹ̀ nínú ìdíje àdúgbò nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 17. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní ẹni tó ń ṣa ọmọ fún ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù ń bọ̀. Gbogbo wa ló ń bi í bóyá yóò gbá. Mo wà lára wọn. Ó di orúnkún náà, ó gbé oògùn ìrora mì, ó gbá ogún ìṣẹ́jú. Ọ̀kadà ló ń gùn jẹun báyìí.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Ẹ̀yin akọ̀ròyìn eré ìdárayá, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ ní èdè wa lórí rédíò, bí ọmọ kan bá farapa, ẹ sọ ibi tó ti farapa, ẹ bi dókítà bí irú rẹ̀ ṣe máa ń jinná àti ìdí tí kíkánjú fi ń dá a padà, kí ẹ tó sọ fún wa bóyá yóò gbá ní Sátidé. Kí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì máa sọ òtítọ́ ní kíá, torí àhesọ ni àwọn onítẹ́tẹ́ ń jẹ. Àwa tí a ń ṣe fantasy, kò sẹ́ni tó ní ká má paarọ̀ agbábọ́ọ̀lù. Ẹ yé kọ lẹ́tà èébú sí ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn torí póìǹtì 2.

Mo gun ọ̀kadà ọmọkùnrin yẹn lọ́jọ́ kan láti ọjà. Mo bi í pé orúnkún ńkọ́. Ó ní ó dáa, bàbá, àyàfi nígbà ọyẹ́. Láàárọ̀ ọyẹ́, ó ní òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó fi omi gbígbóná pa á kí òun tó lè tẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀.