Aginjù Kan, Orúkọ Méjì

Àṣà ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bá wí, nítorí ó ti ràn ká ilẹ̀ Èkìtì bí iná ọyẹ́. Bí ìròyìn bá dé pé ọ̀dọ́ kan kú sínú aginjù Sàhárà, kí a tó béèrè orúkọ rẹ̀ ni a ti dá a lẹ́bi: ‘Ojúkòkòrò ló pa á.’ Mo gbọ́ ọ ní Ìlúpéjú-Èkìtì nínú ìpàdé ìlú, mo gbọ́ ọ lórí àga ìwàásù, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ọmọ tiwọn wọ bàlúù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Èmi kò fara mọ́ ọn.

Ní gúúsù Àlgéríà ni àwọn òkè tí à ń pè ní Hoggar wà. Aginjù ni wọ́n, ṣùgbọ́n aginjù orí òkè. Tahat, ṣóńṣó tí ó ga jù níbẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 mítà. Láti ìlú Tamanrasset ni àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ láti Yúróòpù ti máa ń wọ jíìpù lọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́, tí awakọ̀ Tuareg yóò gbé wọn gun Assekrem, níbi tí àlùfáà Faransé kan, Charles de Foucauld, kọ́ ilé àdúrà sí ní 1911. Ọjọ́ ìkẹyìn ni adùn irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Wọn yóò jí ní ìdájí nínú òtútù tí ọyẹ́ tiwa kò tó fi wé, wọn yóò wo oòrùn bí ó ti ń yọ láàrin àwọn òkè dúdú, wọn yóò ya fọ́tò, wọn yóò mu tíì. Lẹ́yìn náà ni jíìpù yóò sọ̀ kalẹ̀ padà sí Tamanrasset, níbi tí omi ìwẹ̀ àti bàlúù ti ń dúró dè wọ́n. N kò bínú sí wọn. Ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ wo ayé kò jalè.

Tamanrasset kan náà ni ọmọ tiwa ń dé. Láti Kánò ni ó ti gba Agadez lọ, nínú ọkọ̀ tí wọ́n kó èèyàn bí ogún tàbí ọgbọ̀n sí lẹ́yìn, tí olúkúlùkù di igi mú kí ó má baà já bọ́. Bí ó bá débẹ̀, a ru bíríkì, a po sìmẹ́ńtì. Ọjọ́ ìkẹyìn tirẹ̀ ni ọjọ́ tí ọlọ́pàá mú un, tí wọ́n kó o sínú ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì já wọn sílẹ̀ ní ẹnubodè Niger, ní ibi tí wọ́n ń pè ní ‘Point Zéro’. Assamaka ni abúlé tí ó sún mọ́ ibẹ̀ jù, ó sì tó nǹkan bíi kìlómítà 15. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín. Àwọn kan a ṣìnà.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1982, Mark Thatcher, ọmọ olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, sọnù sínú aginjù yìí nígbà tí ó ń bá wọn du ìdíje ọkọ̀ Paris sí Dakar. Eré ni ó bá lọ. Bàlúù ogun fò, bàbá rẹ̀ wọ bàlúù lọ sí Àlgéríà, wọ́n sì rí i láàyè lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ní 2003, àwọn ajínigbé kó arìnrìn-àjò afẹ́ 32 nínú aginjù Àlgéríà. Àwọn ìjọba ilẹ̀ wọn kò sinmi títí wọ́n fi gbà wọ́n, àfi ẹnì kan tí ó kú. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí. Ṣùgbọ́n ní 2013, a rí òkú èèyàn 92, obìnrin àti ọmọdé ni púpọ̀ jù nínú wọn, ní àríwá Niger lẹ́yìn tí ọkọ̀ wọn bàjẹ́ lójú ọ̀nà Àlgéríà. Ní 2017, òùngbẹ pa èèyàn 44 lójú ọ̀nà Líbíà. Ta ni ó rán bàlúù? Ta ni ó sì pe Thatcher ní olójúkòkòrò?

Wọn yóò sọ fún mi pé òfin ni òfin. Ó dára. Òfin àjọ ECOWAS ti 1979 ni ó fún ọmọ wa ní ẹ̀tọ́ láti wọ Niger. Ní 2015 ni Niger ṣe òfin mìíràn tí ó sọ kíkó àwọn arìnrìn-àjò lọ sí àríwá di ẹ̀ṣẹ̀, tí àwọn ará Yúróòpù sì fi owó ràn án lọ́wọ́. Kí ni awakọ̀ ṣe? Wọ́n fi ojú ọ̀nà tí ó ní kànga sílẹ̀, wọ́n gba ibi tí ṣọ́jà kò ti ní rí wọn. Òfin tí a ní yóò dáàbò bò wọ́n ni ó lé wọn kúrò lẹ́bàá omi. Ìgbà tí ó di oṣù kọkànlá 2023 ni wọ́n tó fagi lé e.

Ẹ jẹ́ kí n yíjú sí ilé wàyí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù. Nígbà wo ni Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí ka ìrìn-àjò sí ojúkòkòrò? Àwọn bàbá wa rìn dé Gold Coast, wọ́n ṣòwò níbẹ̀, títí ìjọba Busia fi lé àwọn àjèjì jáde ní 1969. Àwa náà lé àwọn ará Ghana ní 1983, a sì fi ìbànújẹ́ wọn sọ báàgì lórúkọ tí a ń pè títí di òní. Kò sí ẹni tí ó pe àwọn tí ó ti Gold Coast dé ní olójúkòkòrò. Ilé tí wọ́n kọ́ ni a fi ń júwe ọ̀nà.

Ẹ wo ohun tí à ń ṣe. Bàbá kan a ta oko kòkó, a fi owó rẹ̀ lé ẹni tí yóò mú ọmọ rẹ̀ kọjá lọ́wọ́. Bí ọmọ bá gúnlẹ̀ sí Ítálì, tí ó fi owó páànù ránṣẹ́, akíkanjú ni. Ní ọjọ́ ìkórè, àga iwájú ni a fi bàbá rẹ̀ sí, wòlíì a sì gbàdúrà pé kí Olúwa ṣí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fún àwọn yòókù. Bí ọmọ kò bá gúnlẹ̀, ọ̀nà kan náà, owó kan náà, àdúrà kan náà, ó di olójúkòkòrò. Ẹnu tí ó ṣe àmín náà ni ó ń dájọ́.

Láyé àtijọ́, bí ẹnì kan bá kú sí ìdálẹ̀ tí òkú rẹ̀ kò ṣeé gbé, wọn a gé irun àti èékánná rẹ̀ wálé, wọn a sì sin ín bí ẹni sin òkú. Sàhárà kì í fi irun ránṣẹ́. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ bọ́ síbẹ̀ kò rí ohun tí yóò sin, kò sì lè sunkún níta nítorí ọ̀rọ̀ tí aládùúgbò yóò sọ. Ní ọjọ́ ìrántí àwọn tí ó ti sùn, a máa ń dárúkọ àwọn òkú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, a kò sì yọ àwọn ṣọ́jà tí ó kú sí Burma sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò rí òkú tiwọn náà gbé wálé. N kò tíì gbọ́ kí a dárúkọ ẹnì kan tí ó kú sí ọ̀nà Agadez. Mo ń bẹ àwọn ìjọ wa ní Ìlúpéjú àti gbogbo agbègbè Ọ̀yẹ́ pé kí wọ́n fi orúkọ wọn kún un ní ọdún tí ń bọ̀, kí wọ́n sì kà á sókè.