Ṣé Gbogbo Ẹni Tí Ó Wòran Ni Ó Fẹ́ Rajà?

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá ti dúró ní ìsọ̀ aláṣọ rí, yálà ní Gbági n'Ìbàdàn tàbí ní Balógun l'Ékòó, yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu wa nìkan ni ìyá aláṣọ ń gbọ́. Ó ń wo ọwọ́ tí a fi ń pa aṣọ. Ó ń wo èyí tí ojú wa tún padà sí. Bí a bá nájà tán tí a ṣe bí ẹni ń lọ, ó mọ ẹni tí òun yóò pè padà.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ni kò rí ojú oníbàárà mọ́. Fídíò ni wọ́n fi ń polówó, ẹ̀rọ ni ó sì ń bá wọn ṣọ́ ẹni tí ń wò ó. Ilé iṣẹ́ Wistia, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2006, wà lára àwọn tí ń ta irú ohun èlò bẹ́ẹ̀. Yóò fi han ọlọ́jà ibi tí ènìyàn wò, ibi tí ó fò, ibi tí ó tún wò lẹ́ẹ̀kejì àti ibi tí ó ti pa á tì. Bí ó bá jẹ́ inú íméèlì ni a ti ṣí fídíò náà, ó lè mọ ẹni tí ó ṣí i. Ọlọ́jà yóò wá fọwọ́ sọ̀yà pé, "Lágbájá wo ibi iye owó lẹ́ẹ̀mẹ́ta; rírà ló kù."

Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Ó lè jẹ́ pé iye owó náà ni ó ba Lágbájá lẹ́rù. Ó lè jẹ́ pé òun náà ń ta irú ọjà yẹn, tí ó wá yọjú wo iye tí ẹnìkejì ń tà á. Ó sì lè ti sùn lọ kí fídíò máa dá ṣeré (ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí).

Ìṣirò náà gan-an a sì máa ṣini lọ́nà. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, Facebook jẹ́wọ́ pé, fún nǹkan bí ọdún méjì, àwọn ti ṣi ìpíndọ́gba àkókò tí ènìyàn fi ń wo fídíò ṣírò. Wọn kò ka ẹni tí kò wò ó tó ìṣẹ́jú àáyá 3 mọ́ iye tí wọ́n fi pín in. Àfi bí ẹni pé ìyá aláṣọ ń ṣírò bí oníbàárà ti ń pẹ́ tó ní ìsọ̀ rẹ̀, tí kò sì ka àwọn tí ó yọjú tí wọ́n kọjá lọ! Àwọn tí ó sanwó ìpolówó pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 2019, Facebook gbà láti san 40 mílíọ̀nù dọ́là kí ẹjọ́ náà lè parí.

N kò ní kí ọlọ́jà da ìṣirò nù o. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń pa fídíò tì ní ojú kan náà, kí ó tún ibẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ fídíò nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ẹnìkan.

Èyí tí ó ká mi lára jù ni pé, ní ìsọ̀, bí ìyá aláṣọ ti ń wò wá ni àwa náà ń wò ó. A lè fajú ro kí ó má baà mọ̀ pé aṣọ náà wù wá. Ẹni tí ń wo fídíò nínú yàrá rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ nípa ẹni, tí Nàìjíríà ṣe ní 2023, béèrè pé kí a sọ fún ènìyàn ohun tí a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ṣe. Kí ọlọ́jà kọ ọ́ sí abẹ́ fídíò rẹ̀ ní gbangba pé òun yóò mọ ibi tí a wò. Lẹ́yìn náà, bí Lágbájá bá wo ibi iye owó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ó pè é bí ìyá aláṣọ ti ń pe ni: "Ẹ padà wá ná, èló lẹ fẹ́ san?"