Ẹ Yé Purọ́ Mọ́ Olókun

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọ Omifunfun ni mí, lágbègbè Ore, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo. Omi wà nínú orúkọ wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí òkun lọ́dọ̀ wa. Igbó, oko kòkó àti títì márosẹ̀ la mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí a bá lọ ṣe fàájì létí òkun: "Ará oko, wọ omi jàre! Àbí yanrìn lo wá wò ni?"

N ò wọ̀ ọ́. Lọ́dún tó kọjá, ẹni tó pariwo jù nínú wọn wọ̀ ọ́, omi sì fà á lọ níṣojú wa. Ọlọ́run ló ní kí apẹja kan wà nítòsí tó ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo sí i. Nígbà tó bi omi tán, kí lẹ rò pé àwọn ènìyàn wí? "Olókun ló fẹ́ gbẹ̀bọ." Òmíràn ní, "Ọjọ́ ẹ̀ ni kò tíì pé."

Irọ́ ni o! Ta ló gba owó ìgbafẹ́ lọ́wọ́ wa? Ẹgbẹ́ wa ni. Wọ́n ra ewúrẹ́, wọ́n ra mínírà, wọ́n háyà DJ. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹyọ kan kò sí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ tí yóò máa ṣọ́ wa ńkọ́? Kò sí. Ṣé Olókun ló pín owó yẹn?

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Omi tí ìgbì bá dà sí etí òkun gbọ́dọ̀ padà. Ó máa ń wá ojú kan tó jìn díẹ̀, á sì sáré gba ibẹ̀ padà sínú agbami. Ibẹ̀ kì í sábà hó funfun bíi ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó máa ń dákẹ́ ni. Ojú ibi tó dákẹ́ yẹn gan-an ni aláìmọ̀kan máa ń yàn! Bó bá fà ọ́, má bá a jà. Léfòó, na ọwọ́ sókè, pariwo. Bí o bá mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, má kọjú sí ilẹ̀. Gba ẹ̀gbẹ́ etí òkun lọ títí yóò fi tú ọ sílẹ̀. Ìwọ tó wà lórí yanrìn, má bẹ́ tẹ̀lé e. Ju ohun tó ń léfòó sí i.

Àwọn kan á ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ Tarkwa Bay, ibẹ̀ rọlẹ̀." Òótọ́ ni. Ògiri òkúta tí wọ́n kọ́ sẹ́nu òkun Èkó láyé òyìnbó ló ń gba ìgbì dúró fún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi la máa ń wọ̀ débẹ̀. Ṣé wàá kọ jákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ torí pé á ba fọ́tò ẹ jẹ́?

Àjọ WHO ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló kú sómi lágbàáyé ní 2021. Ṣé Olókun ló ránṣẹ́ pe gbogbo wọn?

N ò ní ká má lọ o. Àwọn ará Ìlàjẹ, nínú ìpínlẹ̀ Oǹdó wa náà, ń gbé pẹ̀lú omi, torí wọ́n kọ́ ọ ni. Ẹ jẹ́ kí àwa náà kọ́ ọ. Kí ẹgbẹ́ ra jákẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ra ewúrẹ́. Kí wọ́n háyà ẹni tí yóò ṣọ́ omi kí wọ́n tó háyà DJ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ́bọ̀ mi kò ní wọ owó ìgbafẹ́ tọdún yìí.

Àwọn àgbà ní ẹsẹ̀ méjèèjì kọ́ la fi ń wọn odò. Ẹ máa pè mí ní ará oko lọ. Ará oko tó wà láàyè ni mí.