Ebu inú àgbàdo kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run

 

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ní oṣù keje sí oṣù kẹjọ, tí àgbàdo àkọ́rọ̀ bá gbó, òjò ò tíì dáwọ́ dúró. A ó ya á tòun tomi lára, a ó dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí sí etí gúdúróònù, a ó sì kó o sínú àpò kí ó tó gbẹ dáadáa. Tó bá pẹ́ díẹ̀ tí a tú àpò, ebu á ti bò ó: òmíràn dúdú, òmíràn pupa, òmíràn ní àwọ̀ ewé. Kí là ń ṣe? À ń gbọn ebu dànù, à ń fọ̀ ọ́, à ń gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Tó bá burú jù, a ní ká fi ṣe ògì tàbí ká dà á fún adìyẹ. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ọ̀rọ̀ ò bùṣe o. Ebu aláwọ̀ ewé yẹn, Aspergillus flavus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó ń tu májèlé kan tó ń jẹ́ aflatoxin sínú àgbàdo àti ẹ̀pà. Ojú ò rí májèlé náà, ahọ́n ò mọ̀ ọ́n. Ẹ sè é títí ilẹ̀ á fi ṣú, iná ìdáná wa ò lè pa á tán. Ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́, ti adìyẹ àti ti èèyàn. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sì lè tibẹ̀ wá, pàápàá lára ẹni tó bá ti ní epatítì B tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan á ní: "Ṣebí òun làwọn bàbá wa jẹ, wọn ò kú." Ẹ jẹ́ ká dá wọn lóhùn. Lọ́dún 2002, BMJ, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ 480 wò ní abúlé 16, ní Bẹ̀nẹ̀ wa yìí àti ní Tógò. Nínú ọmọ 100, 99 ló ní májèlé yìí lẹ́jẹ̀. Àwọn tó kúrú tí wọ́n sì rù ló ní i jù. Lọ́dún 2004, òmíràn jáde: ọmọ 200 ní Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n tẹ̀lé fún oṣù 8. Àwọn tó ní májèlé náà jù fi nǹkan bíi sàǹtímítà 1.7 dàgbà kéré sí àwọn tí tiwọn kéré jù. Láàárín oṣù mẹ́jọ péré! A ò sọ pé òun nìkan ló ń dá ọmọ dúró. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò dàgbà, tí a ń fẹ̀sùn àjẹ́ kan ìyá àgbà nítorí rẹ̀, bóyá inú àpò àgbàdo wa ni àjẹ́ náà wà.

Nígbà mìíràn, kì í fi falẹ̀. Ní Kẹ́ńyà lọ́dún 2004, èèyàn 317 ló ṣàìsàn nítorí àgbàdo tó bu. 125 kú nínú wọn.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ìṣèlú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 ló kú nítorí ẹ̀pà tó ní ebu nínú oúnjẹ wọn. Tòlótòló o! Àwọn onímọ̀ wọn ò sinmi títí wọ́n fi rí ohun tó pa wọ́n. Lónìí, bí ẹ̀pà láti ilẹ̀ wa bá dé Yúróòpù tí májèlé náà ju ìwọ̀n lọ, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé. Èyí tí ọmọ tiwa ń jẹ ńkọ́, ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò? Àbí ikùn òyìnbó níyì ju ikùn ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ lọ?

Wọn ò lè sọ pé ìmọ̀ ò sí. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìmọ́tótó oúnjẹ, ABSSA, wà. IITA tí olú rẹ̀ wà ní Ìbàdàn ní ibùdó ní Abomey-Calavi. Àwọn ni wọ́n bá àwọn mìíràn ṣe Aflasafe, èyí tí wọ́n ń fọ́n sóko kí ebu tí kò ní májèlé lè gba ipò èyí tó ní in. Ṣùgbọ́n láti Kútọnu dé Ṣábẹ̀ẹ́, ìmọ̀ a máa sùn lọ́nà. Tó bá kan òwú, ajílẹ̀ ń bẹ, ọkọ̀ ń bẹ, ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò ń bẹ. Òwú ò ṣeé jẹ o!

Nítorí náà, ohun mẹ́ta là ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ. Èkíní, ilẹ̀ ìsáǹgbàdo tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe, àti báàṣì, ní arrondissement kọ̀ọ̀kan, kí àgbàdo àkọ́rọ̀ tó gbó. Èkejì, ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú àgbàdo ní ọjà: omi tó bá ju nǹkan bíi 13 nínú 100 lọ, àgbàdo náà ò tíì tó kó sápò. Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí à ń san lọ́jà tó ra ẹ̀rọ náà. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n yẹ àgbàdo tí wọ́n ń sè fún àwọn ọmọ iléèwé wò kó tó dé inú ìkòkò. Kí wọ́n kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú bùjẹ́. Àwa tí a ti jókòó ní ọ́fíìsì ìjọba rí mọ̀ pé ohun tí kò sí nínú bùjẹ́, àlá ni.

Àwa náà ní ẹ̀bi tiwa. Ẹ má sá àgbàdo sórí erùpẹ̀ mọ́. Ẹ ṣa èyí tó bu àti èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, kí ẹ sì dà á nù. Ẹ má fi ṣe ògì ọmọ, ẹ má fún adìyẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń da èyí tó bu pọ̀ mọ́ èyí tó dára kí àpò lè kún, ẹ rántí pé ọmọ ẹnìkejì yín ló máa jẹ ẹ́.

Bí a ò bá tètè mú olè, olè á mú olóko. Ẹni tó bá wá tọrọ ìbò lọ́dọ̀ wa, kó tó sọ̀rọ̀ kankan, ẹ bi í léèrè: àgbàdo wa ńkọ́?