Ẹ Fún Ẹni Tí Kò Ríran Ní Búrọ́ọ̀ṣì
Lẹ́tà sí àwọn olùkọ́ àwòrán ní Woolwich àti Thamesmead



Ẹjọ́ ni mo gbé wá. Bí ẹni tí ojú rẹ̀ ti fọ́ bá wọ kíláàsì, amọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbé lé e lọ́wọ́. Níbi àfihàn àwòrán, wọ́n á ṣàpèjúwe fún un létí, á mi orí, á sì máa lọ sílé. Kì í ṣe gbogbo yín ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ta ló ní kò lè fi ọ̀dà ya àwòrán?

Ayàwòrán Sargy Mann, tó ti kọ́ni nílé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà Camberwell, kò ríran mọ́ rárá láti 2005. Ó ń ya àwòrán títí tó fi kú ní 2015. Ọwọ́ ló fi ń wá ibi tí nǹkan wà. Á lẹ Blu-Tack mọ́ kánfáàsì kí ìka rẹ̀ má baà ṣìnà. Àwọ̀ ńkọ́? Inú ọpọlọ rẹ̀ ló ti ń mú un.

Nílé wa, aládìrẹ ẹlẹ́kọ kì í gbé Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn síwájú kó tó fi ìyẹ́ adìẹ ya àwọn òpó rẹ̀ sára àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Òótọ́ ni pé ojú rẹ̀ ríran, àmọ́ Mápó kọ́ ló ń wò.

Àrùn ojú glaucoma sì ń ba ojú àwa ènìyàn dúdú jẹ́ ju ti aláwọ̀ funfun lọ, bẹ́ẹ̀ àwa Yorùbá pọ̀ láti Powis Street dé Abbey Wood. Màmá tó dàgbà kí ojú rẹ̀ tó lọ kò gbàgbé àwọ̀ páànù Ìbàdàn tó ti dípẹtà, tàbí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró. Ẹ wá ní kó máa fi amọ̀ mọ ife!

Owó kọ́ ni ìṣòro. Ẹ ta okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sára kánfáàsì. Ẹ so rọ́bà kan mọ́ ìgò ọ̀dà pupa, méjì mọ́ ti aró. John Bramblitt, ayàwòrán tí kò ríran ní Amẹ́ríkà, ń fi ìka mọ ọ̀dà funfun yàtọ̀ sí dúdú, torí funfun ki jù. Ohun tó nira ni kí olùkọ́ pa ẹnu mọ́, kó má sọ pé ewé kì í rí bẹ́ẹ̀.

Òfin Equality Act 2010 ti ní kí ẹ ṣe àtúnṣe tó bá yẹ fún àwọn tí kò ríran. Lakeside Centre ní Thamesmead kún fún yàrá iṣẹ́ àwọn ayàwòrán. Ẹ bá wọn sọ ọ́, kí ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, kí ẹ sì pe àwọn àgbà wa kó tó di ìgbà òtútù.