KwaraLEARN: Ọwọ́ olùkọ́ ni kọ̀ǹpútà wà, kí ló wà lọ́wọ́ ọmọ?

Láti ọdún 2022 tí Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq ti gbé ètò KwaraLEARN dé, tábúlẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba fi ń kọ́ni. Inú rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà, tí ọmọ Èsìẹ́ àti ọmọ Ìlọrin fi ń gba ẹ̀kọ́ kan náà. Ó dára.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ ló ni ẹ̀rọ. Ọmọ kàn ń wò ó ni. Bẹ́ẹ̀ ọmọ yìí kan náà ni yóò dàgbà dé iwájú JAMB, tó jẹ́ pé láti 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò UTME. Ẹni tó mọ ìdáhùn, tí kò di máúsì mú rí, àkókò lè tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Èyí bà mí lẹ́rù ju géèmù tí a ń pariwo lé lórí lọ.

Ní Ọ̀ṣun, lọ́dún 2013, akẹ́kọ̀ọ́ girama gan-an ni Gómìnà Rauf Aregbesola fún ní Ọpọ́n Ìmọ̀. Nílé kéwú, ọmọ kì í fi wíwò mọ wàláà: á kọ ọ́, á fọ̀ ọ́, á tún un kọ. Ẹ̀yin òbí ní Òmù-Àrán, bí ẹ bá dé ìpàdé òbí àti olùkọ́, ẹ béèrè iye ìgbà tí ọmọ yín fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ní táàmù yìí. Ẹ béèrè iná pẹ̀lú.